Prado, Madrid: àwòrán Goya méjì lórí ìdìde ará ìlú ní 1808

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ará ìlú lásán ṣe dojú kọ ọmọ ogun Napoleon, yàrá 64 ní mùsíọ́ọ̀mù Prado ni kí ẹ lọ. Ọdún 1814 ni Goya ya àwòrán méjèèjì, nígbà tí wọ́n ti lé àwọn Faransé lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà 2.7, ó fẹ̀ tó mítà 3.5, ẹ kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Ti ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún lèrò máa ń rọ́ lọ bá. Ti ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́ni jù. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn lèrò pé síwájú ààfin, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí àwọn Faransé gbé ọmọ ọba Francisco de Paula lọ sí Bayonne ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun Murat, ọ̀gágun Faransé ní Madrid, yìnbọn lù wọ́n, ìlú bá dàrú. Ẹ wo àárín àwòrán náà: ọ̀bẹ ni ará ìlú fi ń bá Mamluk (ọmọ ogun Napoleon láti Íjíbítì) orí ẹṣin jà, wọ́n ń gún ẹṣin funfun, ẹni tó gùn ún nínú ṣòkòtò pupa sì ti ń ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ etí rẹ̀ lápá òsì. Ó fàya níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o sá fún ogun abẹ́lé Spéìnì. 2008 ni wọ́n tó tún un ṣe dáadáa.

Àwòrán ti ọjọ́ kẹta wá yé yín wàyí. Murat ní kí wọ́n yìnbọn pa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń yìnbọn kò lójú, ẹ̀yìn wọn nìkan la rí. Ojú àwọn tó fẹ́ kú ni fìtílà ń tàn sí.

Yúrò 15 ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé, àti márùn-ún sí méje lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àmọ́ ìlà yóò jẹ nínú àkókò yẹn, nítorí náà yàrá 64 ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò, èyí sì dáa, ọ̀nà ìbá dí.

Àléébù kan: Monteleón, bárékè àwọn ológun oníbọn ńlá ní Madrid, kò sí nínú méjèèjì. Wọ́n ti ní kí sójà Spéìnì má kúrò ní bárékè, àmọ́ ọ̀gá sójà méjì níbẹ̀, Daoíz àti Velarde, kọ̀, wọ́n kó ohun ìjà fún ará ìlú, ìjà náà ló sì pa wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ṣì dúró ní Plaza del Dos de Mayo. Ẹ sọ̀ ní Tribunal, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.