Rílì 2500 àti rílì 4000: èwo ló yẹ odò, èwo ló yẹ òkun?

Rílì méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn ìpẹja, ni mò ń gbé yẹ̀ wò níbí: 2500 lórí ọ̀pá 2.1 mítà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìdẹ 5–20 gíráàmù sí lára, àti 4000 lórí ọ̀pá 2.4 mítà tí wọ́n kọ 15–50 gíráàmù sí. Irú rílì tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá ni méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ju ìdẹ, okùn á máa tú kúrò létí bọ́bìnì tí wọ́n ká a sí, bọ́bìnì fúnra rẹ̀ ò ní yí. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rà fún odò àti òkun, 4000 ni kẹ́ ẹ mú. 2500 dùn ún lò jù ú lọ létí odò, ó fúyẹ́, ó sì ń ju ìdẹ kéékèèké dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rílì fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fi rọ́bà dí ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí omi iyọ̀ bá ti ń kàn án lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kó tó máa kérora.

Ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà ara rílì jù. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún tiẹ̀ ní nọ́ńbà bó ṣe wù ú, 4000 ti ibì kan lè tóbi ju 4000 ti ibòmíì lọ. Lára rílì ilé iṣẹ́ Shimano, tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà C níwájú nọ́ńbà, bíi C3000, ara rílì yẹn kéré ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ: bọ́bìnì 3000 ni wọ́n gbé sórí ara 2500. Ìwọ̀n rílì ní gíráàmù àti iye okùn tó ń gbà ni kẹ́ ẹ kà. Fún odò, èyí tó bá gba 150 mítà okùn híhun PE 1 ti tó. Fún òkun, mi ò ní gba ohun tó kéré sí 200 mítà PE 2, torí ọ̀pọ̀ ẹja òkun kì í wá ibi sá pa mọ́ sí bíi ti odò, ńṣe ló máa ń sá lọ tààràtà. Sísanra okùn ni PE ń wọ̀n, kò wọn agbára rẹ̀: PE 1 jẹ́ nǹkan bíi 0.165 mìlímítà, PE 2 jẹ́ nǹkan bíi 0.235.

Iye bẹ́árìn tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ẹ fojú fò ó. Rílì oníbẹ́árìn 5 tí wọ́n dí dáadáa máa sin òkú oníbẹ́árìn 12 tí iyọ̀ ń wọ̀ fàlàlà. Ẹyọ bẹ́árìn kan ṣoṣo ni mi ò ní fi ṣeré, ìyẹn ti róólà, kẹ̀kẹ́ bíńtín tí okùn ń gbà kọjá, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá wáyà, ìyẹn wáyà títẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣí kí wọ́n tó ju ìdẹ. Màá padà sórí rẹ̀.

Ní ti jíà, 6.2:1 túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ rílì lẹ́ẹ̀kan, rotor, ìyẹn ibi tí apá wáyà wà lára rílì, á yí po bọ́bìnì nígbà 6.2. Lórí 2500, ìyẹn ń kó bíi 90 sẹ̀ǹtímítà okùn wọlé, 5.2:1 ń kó bíi 75. Èyí tó yára dáa fún ìdẹ tó ń sáré lójú omi. Èyí tó rọra ń yí lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ìdẹ bá wúwo tàbí tí omi bá jìn, ọwọ́ ò sì ní tètè dun èèyàn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di ọwọ́ rílì mú kẹ́ ẹ mì ín síwá sẹ́yìn. Ó máa ń mì díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá ń dún kà-kà, ẹ dá a padà. Ẹ wò ó bóyá ńṣe ni wọ́n dè ọwọ́ náà mọ́ inú jíà gan-an bíi síkírúù, tàbí irin kan ni wọ́n kàn tì bọ inú ihò rẹ̀. Èyí tí wọ́n dè le jù, kì í mì fìrìfìrì lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ tú drag, ìyẹn búréèkì tó wà lórí bọ́bìnì, títí dé ìdajì, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ fa okùn jẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú láìkọ́kọ́ gan. Drag tó kọ́kọ́ gan, tó wá fò lójijì, ló máa ń já okùn nígbà tí ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré. Ẹ̀rọ tó le jù lágbàáyé ò sì lè ṣàtúnṣe ìyẹn. Bí wọ́n bá kọ 10 kílò sára drag tó ń gan, 4 kílò tó ń tú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Lára ọ̀pá, ẹ mú òwú tí wọ́n fi ń nu etí, kẹ́ ẹ fi nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan yí po. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti sán níbẹ̀, á sì máa gé okùn híhun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ gbé ọ̀pá sójú bí ẹní ń fi ìbọn wo nǹkan, kẹ́ ẹ rí i pé gbogbo òrùka tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìwọ̀n gíráàmù tí wọ́n kọ sára ọ̀pá kì í ṣe àbá lásán: ọ̀pá 5–20 ò ní lè ju ìdẹ 2 gíráàmù débì kan, tẹ́ ẹ bá sì fi agbára ju 35 gíráàmù, ó lè kán lókè. Káábọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá báyìí, káábọ̀nù sì ń gbé iná. Ẹ má gbé e lọ sábẹ́ wáyà iná, ẹ sì gbé e sílẹ̀ tí àrá bá ti ń sán.

Okùn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò mọ́ rílì lẹ́sẹ̀. Okùn híhun máa ń yọ̀ lórí bọ́bìnì tó mọ́ rọ́rọ́. Èèyàn á máa fún drag le, okùn á ṣì máa tú, á wá rò pé drag ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé odindi òkìtì okùn ló ń yí lórí bọ́bìnì. Ẹ kọ́kọ́ ká okùn ọ̀rá bíi mítà 5 sí 10 sí i, kẹ́ ẹ tó ta okùn híhun mọ́ ọn. Ẹ fi aṣọ tútù di okùn mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ká a, kó lè le dáadáa; tó bá rọ̀, okùn òkè á rì wọ àárín ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹja bá fà, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ dúró nígbà tó bá ku bíi mìlímítà 2 sí etí bọ́bìnì. Tó bá kún jù, á máa tú jáde ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Tí kò bá kún tó, á máa ha etí bọ́bìnì, ìdẹ ò sì ní lọ jìnnà.

Ìdìpọ̀ tó máa ń ṣàdédé yọ nígbà tẹ́ ẹ bá ju ìdẹ, tó há sínú òrùka, kì í ṣe àdédé. Okùn kan ló ti rọ̀ lórí bọ́bìnì ṣáájú, torí pé ọwọ́ rílì lẹ fi pa apá wáyà dé nígbà tí ìdẹ bá omi, tẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a lọ. Ẹ fi ọwọ́ pa wáyà dé, ẹ fa okùn díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ó ti dúró lórí róólà, kẹ́ ẹ tó yí. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni, ó sì ń gbani lọ́wọ́ ìbínú tó pọ̀.

Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ. Ẹja ń fà, drag ń tú, ẹni tó di ọ̀pá mú ò sì yéé yí ọwọ́ rílì. Okùn kankan ò wọlé, àmọ́ rotor ń yí, gbogbo yíyí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń lọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan. Ní 6.2:1, ẹ yí ọwọ́ nígbà 10 péré, okùn ti lọ́ nígbà 62. Ẹja á wọlé, ẹ máa yọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ju ìdẹ lẹ́yìn náà, okùn á di ìtàkùn. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ drag, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ gbé ọ̀pá sókè láti fà, kẹ́ ẹ wá ká a nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá sì ti lọ́, ẹ tú ìdẹ àti swivel (irin kékeré tó ń yí, tí wọ́n fi ń so ìdẹ mọ́ okùn) kúrò, ẹ jẹ́ kí omi tó ń ṣàn gbé okùn lásán lọ bíi 50 mítà, á tú ara rẹ̀. Ẹ wá ká a padà ní líle.

Bí a ṣe ń ṣètò drag rèé. Ẹ so okùn mọ́ òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, kó ti gba inú gbogbo òrùka kọjá, ẹ gbé ọ̀pá sókè díẹ̀ bí ìgbà tí ẹja bá wà lẹ́nu ìwọ̀, kí ẹlòmíì máa fa òṣùwọ̀n. Ẹ fún drag títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ibi tó rọ̀ jù nínú okùn yín. Tí okùn iwájú, ìyẹn èyí tí wọ́n so mọ́ ìparí okùn híhun, bá jẹ́ 6 kílò, 1.5 sí 1.8 kílò nìyẹn. Ó máa dà bíi pé ó rọ̀ jù lójú ẹni tó bá ń fi ọwọ́ lásán dán an wò. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí okùn ṣe ń tán lórí bọ́bìnì, drag ń le sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí àyíká òkìtì okùn ń dínkù. Bó bá ti kéré dé ìdajì, agbára tí ẹja fi ń fa okùn náà jáde gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹja tó ti sá lọ jìnnà, ńṣe lẹ máa tú drag díẹ̀ fún. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí wọ́n fún drag le sí i, ibẹ̀ sì ni okùn ti ń já.

Okùn iwájú fluorocarbon, irú okùn ẹyọ kan tí wọn ò hun, bíi mítà kan ti tó nínú odò. Ó le lára ju okùn híhun lọ, òkúta kì í tètè bù ú jẹ, ó sì ṣòroó rí lábẹ́ omi. Fún ẹja eléyín mímú bíi kúta, ẹ lo wáyà bíi 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, eyín yẹn ò mọ fluorocarbon. Kókó FG ló dáa jù láti so okùn híhun mọ́ okùn iwájú, ó tínrín, ó sì ń gba inú òrùka kọjá láìkọsẹ̀, àmọ́ ó ń gba sùúrù nínú ọkọ̀ tó ń mì. Kókó double uni rọrùn níbẹ̀: ìyípo 8 fún okùn híhun, 4 fún fluorocarbon. Ẹ tutọ́ sí kókó kẹ́ ẹ tó fà á le. Fluorocarbon tí wọ́n fà ní gbígbẹ máa ń gbóná, á sì já lójú kókó gan-an.

Ó wá ku omi iyọ̀. Róólà ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ó gan, kò yí mọ́, okùn wá ń ha ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ké fíín-fíín, ó sì ń lọ́. Tẹ̀ lé e ni bẹ́árìn inú ọwọ́ rílì, lẹ́yìn náà sípíríǹgì apá wáyà. Ìyẹ̀fun funfun tẹ́ ẹ máa ń rí létí síkírúù jẹ́ alumíníọ̀mù tó ń jẹra: irin síkírúù àti alumíníọ̀mù ara rílì fara kanra, omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ló ń san gbèsè rẹ̀. Rílì tí wọ́n fi pílásítíìkì àti káábọ̀nù ṣe kì í ní ìṣòro yẹn, àmọ́ tí ẹrù bá pọ̀ jù, ara rẹ̀ ń tẹ̀, jíà á sì máa jẹ ara wọn níbi tí kò yẹ.

Tẹ́ ẹ bá rí IPX lára rílì, ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. IPX5 ni pé ó ti la omi tí wọ́n fẹ́ sí i látẹnu páìpù kọjá, IPX6 ni pé omi yẹn tún lágbára sí i. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó sọ pé kẹ́ ẹ rì í sínú omi. IPX7 àti IPX8 ló wà fún rírì, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n lára rílì. Ohun tí rọ́bà tí wọ́n fi ń dí omi ń gbà ni pé ọwọ́ rílì á wúwo díẹ̀ láti yí, pàápàá nígbà tó bá tutù. Fún òkun, mo fara mọ́ ọn. Fún odò, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé láti òkun, ẹ fún drag pinpin kí omi má baà wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọ́n omi tí kò níyọ̀ sí rílì bí òjò wínníwínní. Ẹ má lo omi tó ń tú pẹ̀lú agbára, ó ń ti iyọ̀ wọ inú ni. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ wá tú drag padà títí á fi rọ̀, torí àwo inú rẹ̀ máa ń fún pọ̀ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní líle títí di ọjọ́ mìíràn. Ẹ yọ bọ́bìnì, ẹ nu irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú rílì kúrò lára ọ̀pá, kẹ́ ẹ fọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jókòó sí. Iyọ̀ máa ń fara pa mọ́ síbẹ̀ títí ìdè yẹn á fi gan. Ẹ̀kán epo kan fún róólà, ẹ̀kán kan fún orí ọwọ́ rílì. Gíríìsì wà fún jíà. Tẹ́ ẹ bá ki gíríìsì sínú bẹ́árìn tí kì í jẹ́ kí rílì yí sẹ́yìn, á máa yọ̀, ẹ máa fà, ọwọ́ á sì fò padà lù yín níka. Epo tín-ín-rín tí wọ́n ń fọ́n sí ìpẹtà, ẹ má fọ́n ọn sínú ara rílì, á fọ gíríìsì jíà dànù.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi okùn kọ́ róólà, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Tí okùn bá ń rìn tí róólà ò yí, ẹ tú síkírúù kan tó dì í mú, ẹ fọ bẹ́árìn rẹ̀, ẹ kán epo sí i, kẹ́ ẹ sì kíyè sí bí àwọn wáṣà ibẹ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn kẹ́ ẹ tó yọ wọ́n. Wọ́n kéré, wọ́n sì máa ń yí lọ sábẹ́ tábìlì.