Ìjánu àbí kárọ́ọ̀tì: èwo la máa fi kọ́ ẹṣin?

Àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń fa ẹṣin kiri lọ́jọ́ Iléyá l'Óṣogbo níbí, ìjánu àti pàṣán ni tiwọn, mi ò lè bú wọn ṣá, bémi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. O á fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, tó bá ti ṣí ẹsẹ̀ kan péré, o tú tìẹ sílẹ̀ kíá. Títú sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ ọ o, kì í ṣe títẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, ẹṣin ti dúró wọ́n ṣì ń fa ìjánu, ẹnu ẹ̀ á wá yi, ó di pé kó o máa fà á bí okùn kànga.

Èkejì, oúnjẹ. O fahọ́n ta "kọ́", o fún un ní kárọ́ọ̀tì lójú ẹsẹ̀, tó bá pẹ́ "kọ́" yẹn fúnra ẹ̀ á máa dùn mọ́ ọn, bíi ti àwọn ajá tí Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, fi ṣèwádìí, tó ń dá itọ́ kí oúnjẹ tó dé. Tó o bá fi falẹ̀, kò ní mọ nǹkan tó ṣe tó o fi fún un. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹṣin á máa já àpò ṣòkòtò ẹ wò, ìgbà tó bá yíjú kúrò nìkan ni kó o fún un.

Témi bá ni, kárọ́ọ̀tì ni màá fi kọ́ ọ láti gbé pátákò sókè, kó sì dúró gba abẹ́rẹ́. Tá a bá ti wà lórí gàárì, ẹsẹ̀ ṣì ló yá jù, kárọ́ọ̀tì náà ti wọ́n.