PS4 Slim tòkunbọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá: ohun tójú mi rí ní Agbowó

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń lo PS4 Slim tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ géèmù Sony, nínú yàrá mi ní Agbowó, n'Ìbàdàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò lórí YouTube, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u nínú páálí ni wọ́n ti ń yìn ín, iná tiwọn kì í sì í lọ. Tèmi ti la ọyẹ́ kan kọjá, ó ti la òjò kan kọjá. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti jí.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Mókọlá. Láti ayé PS2 ni géèmù ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, nígbà tí a máa ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán gbá bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó nani jókòó. Bàbá mi ká mi mọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. (N ò ní sọ ìyókù.) Ní báyìí tí mo ti ń sanwó ilé fúnra mi, aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ ni àkókò tèmi, bí iná bá gbà.

Ìwó Róòdù ni mo ti rà á, ₦215,000, pẹ̀lú páàdì kan àti síídì bọ́ọ̀lù kan. Èyí tí wọ́n ti kráàkì (ìyẹn ni pé wọ́n ti já ìdè tí Sony fi dè é) ni ọ̀gá tó tà á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ fún mi, wọ́n ti rọ géèmù bí ogún sínú rẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ ò ní ra síídì kankan mọ́ láyé yín," ló wí. Ọ̀rọ̀ dùn létí, àmọ́ èyí tí wọ́n bá ti kráàkì, ẹ ò lè fi ọkàn balẹ̀ gbé e wọ íntánẹ́ẹ̀tì Sony, wọ́n lè tì í pa mọ́ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣèèṣì fi sọ́fítíwià tuntun sí i, kráàkì ti lọ nìyẹn. Mo ní rárá. Slim tó ti ìlú ọba dé ni mo mú, èyí tó ní 500GB. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín o: nǹkan bí 400GB ló máa ṣẹ́ kù fún yín, ẹ̀rọ náà ti jẹ ìyókù kí ẹ tó gbé e délé.

Síídì tèmi ni mo mú dání láti ilé. Mo tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó gbé e mì, mo ní kó pọ̀ ọ́, ó pọ̀ ọ́, mo tún tì í bọ inú rẹ̀. Mo mi wáyà HDMI lẹ́nu ihò rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti máa ń fara pa jù. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé e padà fún wọn. Lẹ́yìn náà mo jókòó gbá bọ́ọ̀lù fún odidi wákàtí kan lórí àga wọn, bóyá yóò gbóná, bóyá yóò pariwo. Ọ̀gá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá níbẹ̀.

Páàdì ló mú mi. Páàdì ojúlówó tó bá Slim wá máa ń ní ìlà iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè ibi pẹrẹsẹ tí a ń fọwọ́ pa. Tèmi náà tàn, mo bá fọkàn balẹ̀, àṣé àdàmọ̀dì ti kọ́ ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Kò pé oṣù méjì, mo ń gbá God of War lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé páàdì sílẹ̀ kí n lọ bu omi mu. Ìgbà tí mo máa fi padà, Kratos, akọni inú géèmù náà, ti forí sọ ògiri, ó sì ṣì ń rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀ ló yọ analog méjèèjì (igi kékeré tí a fi ń darí eré), ó jó òmíràn sí i, ₦7,000. Ó lò tó oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ ra páàdì tòkunbọ̀ gidi. Èyí tí mo bá wí nípa páàdì nìyí: ẹ dán an wò ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ti iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á, mi ò ní ẹjọ́ púpọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tèmi ò ju ínǹṣì 32 lọ, àwòrán sì mọ́ kedere lórí rẹ̀. Slim ò ṣe 4K (àwòrán tó tún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ), kò sí ohun tí mo fẹ́ fi 4K ṣe. Bàbá mi wá kí mi, wọ́n gbé síídì fújì wọn jáde nínú àpò, wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ olówó gọbọi yìí lù ú. Ó kọ̀, torí PS4 kì í ka síídì orin. "Ẹ̀rọ tó tó báyìí?" ni wọ́n wí, wọ́n sì dá síídì wọn padà sápò. Ìyẹn náà wà lára àgbéyẹ̀wò.

Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù nílùú yìí, iná ni kó kọ́kọ́ rò. Nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù, Slim ń fa bí 80W. Tẹlifíṣọ̀n mi ń fa bí 45W, fáànù bí 60W. Gbogbo rẹ̀ ò tó 200W. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah kan ni mo ní. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 2,400Wh ni lórí ìwé, àmọ́ bátìrì olómi kò yẹ kéèyàn lò ó kọjá ìdajì, ó ku 1,200. Ìnfátà náà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni mo máa ń rí gbá kí ìnfátà tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ra PS5. Àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò, n ò lè purọ́. Àmọ́ bí géèmù bá wúwo, PS5 nìkan ń fa bí 200W, èyí tó ju gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tèmi lọ. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń gbá tirẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù kan, lítà epo kan. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣe, àmọ́ ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ìnfátà nìkan kọ́ o. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó pọ̀, bí iná bá lọ, gílóòbù ò ní mọ̀, fáànù ò ní mọ̀, PS4 nìkan ló máa kú. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo yí ìnfátà padà, mo rí bọ́tìnì kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ UPS sí. Mo yí i síbẹ̀. Látìgbà yẹn, bí iná bá lọ, ìnfátà ń tètè gbà á kí PS4 tó fura. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jìyà kí n tó mọ̀. Bí ìnfátà tiyín bá ní i, ẹ lọ wò ó báyìí.

Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tí a ń pè ní 3SC. Nínú FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù tí mò ń gbá, ẹ lè dá kílọ́ọ̀bù tiyín sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gba ife Cup Winners' Cup Áfíríkà lọ́dún 1976 kò sí nínú géèmù, mo bá fọwọ́ ara mi fi 3SC síbẹ̀, mo gbé wọn lọ sí Yúróòpù. A dé iwájú Real Madrid. Ìṣẹ́jú 87, àwa ní méjì, wọ́n ní ẹyọ kan. Iná lọ. Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá parí ni géèmù tó máa fi í pamọ́. Ìgbà tí mo tún un gbá, wọ́n fún wa ní mẹ́rin sí òdo. Mo pa á, mo lọ sùn, n ò sì sùn.

Oṣù kẹsàn-án ló wá kú pátápátá. Òjò ń rọ̀, iná ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́jú, èmi náà ò sì yọ ọ́ lára iná. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò rí háàdì òun mọ́, ibi tó ń tọ́jú géèmù sí. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní bọ́ọ̀dù ló jó, ó bu ₦60,000 lé mi. N ò gbà á gbọ́. Mo gbé e padà sílé, mo tú u fúnra mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní Slim mọ bí ó ti rọrùn tó. Ìdérí pélébé kan wà ní igun ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ lásán lẹ ó fi fà á. Sìkúrù kan péré ló di háàdì mú, wọ́n tilẹ̀ ya àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí páàdì sí i lórí kí ẹ má bàa ṣì í mú. Mo fi SSD 480GB, háàdì ìgbàlódé tó yára, rọ́pò rẹ̀. Ó ku sọ́fítíwià. Ẹ ó fọ fláàṣì (format) sí FAT32, ẹ ó dá fódà PS4 sínú rẹ̀, ẹ ó dá UPDATE sínú PS4, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Fáìlì méjì ló wà ní ojúlé Sony, kékeré àti ńlá. Kékeré ni mo kọ́kọ́ mú nítorí dátà, ó kọ̀, torí háàdì tuntun ò ní nǹkan kan nínú. Ńlá, èyí tó lé díẹ̀ ní 1GB, lẹ ó mú sínú UPDATE, kí ẹ ki fláàṣì bọ PS4. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "píì" ẹlẹ́ẹ̀kejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje, kí ẹ mú èyí tó kẹ́yìn nínú ohun tó bá tò sílẹ̀.

Ó jí. Ó tilẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí GTA V tó ṣí láyé àtijọ́, índómì á ti jinná. Àmọ́ Shooting Stars ti lọ, odidi sáà mẹ́ta. Báyìí o, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń da ohun tí mo gbá sórí fláàṣì. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Nípa ríra géèmù: Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation Store (ọjà géèmù Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tò sílẹ̀, nítorí náà orúkọ Amẹ́ríkà ni mo fi ṣí àkáǹtì. Káàdì ilé ìfowópamọ́ mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gift card ni mo máa ń fi náírà rà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sílẹ̀. Dátà ló pa á. GTA V nìkan lé ní 70GB. Síídì ni mo gbà. Mo parí God of War, mo gbé e lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń pààrọ̀ síídì ládùúgbò wa, mo fi ₦3,000 lé e, mo mú Spider-Man wálé. Èyí tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta lẹ fẹ́ fi pààrọ̀ fún?

Eruku ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní oṣù kejì ọdún, ó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì nu fáànù rẹ̀, eruku pupa tó jáde níbẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Ariwo dákẹ́.

Ó ku Màmá onílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fura sí mi, wọ́n rò pé iṣẹ́ Yahoo ni mò ń ṣe lóru. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káalẹ́ mà."

"Káalẹ́, ọkọ mi. Kín lo ń pariwo lé lórí lálaalẹ́?"

Mo ní bọ́ọ̀lù ni mà, ẹ wọlé ẹ wá wò ó. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wò ó lọ títí. Wọ́n bi mí ta ni àwọn aláṣọ búlúù. Mo ní Shooting Stars ni mà, Shooting Stars wa. "Irọ́!" Wọ́n ní ìgbà tí ọkọ àwọn wà láyé, kò sí bọ́ọ̀lù pápá ìṣeré Adámásingbá tí kì í lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán ọmọ-ọmọ wọn sí mi pé kó wá kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Páàdì àdàmọ̀dì tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé fún un, kò bínú, ó ní kí n má dàmú, òun á máa gbá a gba ibi tó bá fẹ́ lọ.

Páàdì kejì ni mò ń wá báyìí. Ọmọ náà ti gba ti gidi lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ni Shooting Stars, kí èmi lọ mú ẹgbẹ́ mìíràn.