Àgbọ̀n tó ń dunni: abẹ́rẹ́ wo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Kí ẹ tó béèrè iye owó abẹ́rẹ́ kankan, ẹ fi ìka méjì síwájú etí, ẹ la ẹnu, ẹ pa á dé. Bó bá ń ta yín níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríkèé àgbọ̀n gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu. (Kó kàn máa dún kọ́, kọ́ láìdunni kò tó ohun à ń gún abẹ́rẹ́ sí.) Ẹ wá gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fún eyín mọ́ra. Bí ẹran ibẹ̀ bá le gbagidi, tó sì jẹ́ ibẹ̀ ni ìrora wà, iṣan lẹ máa fura sí. Dókítà ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Iṣan ni wọ́n ń gún Botox sí. Ó ń dẹ iṣan tí a fi ń jẹun, kó má baà máa fún pọ̀. Ẹ lè dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mú un dáadáa; láàárín oṣù 3 sí 4, agbára rẹ̀ á ti lọ, ẹ óò sì tún sanwó. Ẹran líle lè nira láti jẹ, ẹ̀rín sì lè wọ́ sápá kan fún ìgbà díẹ̀.

Inú oríkèé ni sítẹ́rọ́ìdì ń lọ. Ó máa ń pa wíwú, ó sì tètè ń ṣiṣẹ́ ju Botox lọ, àmọ́ èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù: bí wọ́n bá ń gún un léraléra, ó lè jẹ oríkèé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè ròkè fún ọjọ́ mélòó kan.

Hyaluronic acid dà bí gírísì fún oríkèé. Wọ́n sábà máa ń gún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. PRP, ẹ̀jẹ̀ tiyín ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí, kí wọ́n lè fa apá tí platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) pọ̀ sí jù jáde, kí wọ́n sì gún un padà sí yín lára. Ọwọ́ oníkálukú ló ń yàtọ̀ nínú ṣíṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti fi ti ẹnì kan wé ti ẹlòmíì.

Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2023 fún ìrora àgbọ̀n tó ti pẹ́ tó oṣù 3. Ìdárayá àgbọ̀n lábẹ́ àmójútó ni wọ́n tì lẹ́yìn gbọnyin-gbọnyin. Botox, sítẹ́rọ́ìdì àti hyaluronic acid, wọ́n ní ó sàn kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má lò wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí kò bi yín bóyá ẹ ti gbìyànjú ìdárayá rí, tó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ẹ bi í: inú iṣan ni àbí inú oríkèé? Bó bá dáhùn pé, “Ibi tó ń dùn yín náà ni,” ẹ dìde.