Lẹ́tà Ọjọ́bọ̀ tó ń wá láti Gbági

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, aṣọ obìnrin ni mò ń rán jù. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. Léèsì, àǹkárá àti gúínì ni wọ́n ń tà. Ọjà wọn dára, àmọ́ ọjà tó dára kún Gbági bámúbámú, n kì bá tí jókòó kọ nǹkan kan nítorí léèsì. Lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí ímeèlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ yìn, kí n sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú níbi tó yẹ. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà ò ní jáde níbí. Ìyá tó ni ín ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ó ní èrò tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá máa ń bi òun ní ìbéèrè púpọ̀, wọn kì í rajà.

Wọn kì í gba ímeèlì lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì rajà. Bí ẹ bá sanwó tán, ọmọbìnrin tó ń kọ rìsíìtì á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ máa gba lẹ́tà wa? Ọjọ́bọ̀ nìkan ni." Bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, ó parí nìyẹn. Kò ní bẹ̀ yín, kò sì ní ṣèlérí pé òun á dín owó kù bí ẹ bá gbà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ó fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó wà lórí káńtà. Tó bá di alẹ́, lẹ́tà kékeré kan á wọlé tí á bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ yín lóòótọ́. Bí ẹ ò bá tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", ẹ ò ní gbúròó wọn mọ́. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Bódìjà ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ènìyàn bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ nínú àdírẹ́sì rẹ̀, ẹlòmíì tí kò mọ Gbági rí ni ìwé náà á máa lọ bá, onítọ̀hún á sì fi ìbínú tẹ spam, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fẹjọ́ sùn pé lẹ́tà tí ènìyàn ò béèrè ni.

Ojú mi ti rí nǹkan ni mo ṣe mọ iyì èyí. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí mo ti ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ wọn rí. Orí rìsíìtì ni wọ́n ti kó ímeèlì mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé: "Ẹ yára, wákàtí mẹ́ta ló kù!" Wákàtí mẹ́ta á pé, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á tún mọ́, wọ́n á tún ní wákàtí mẹ́ta ló kù. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ "Dear FNAME" sí mi. Ta ni FNAME? Àyè tó yẹ kí ẹ̀rọ wọn fi orúkọ mi sí ni, kò fi sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń pè mí títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wá ní kí wọ́n yọ orúkọ mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tẹ password mi, èmi tí n kò ní password kankan lọ́dọ̀ wọn.

Bẹ́ẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé a ò fẹ́ ìpolówó mọ́, kí wọ́n sì jáwọ́. Google náà ti gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ láti ọdún 2024. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà tó 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré tó láti yọ orúkọ ẹni. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí àwọn tó ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé spam ni má dé 3 nínú 1,000. Ẹni tó bá ré kọjá ibẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ lè má dé ibi tó yẹ mọ́, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí rẹ̀. Oníṣọ̀ Gbági tèmi yìí ò lè rán 5,000 lóòjọ́ láéláé, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú un, àmọ́ ó wà nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ gàdàgbà: "Bí ọ̀rọ̀ wa bá ti sú yín, ẹ tẹ ibí. A ò ní bínú." Mo mọ ẹnìkan tó tẹ̀ ẹ́, tó tún padà lọ rajà níbẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n gbé àga fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Lẹ́tà tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn dá lórí léèsì aláwọ̀ ewé kan. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ̀ pé wọ́n lè kọ "yáàdì 5" sára léèsì, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí téèpù sọ ọ̀rọ̀ míì. Lẹ́tà ọ̀hún ò tiẹ̀ kí wa pẹ́. Ó ní: "A ṣí bẹ́ẹ̀lì tuntun láàárọ̀ yìí. Yáàdì 5 ni wọ́n kọ sí i. A wọ̀n ọ́n, a tún un wọ̀n, yáàdì 4 àti íǹṣì 27 la bá. Àwọn tó tà á fún wa ò tíì dá wa lóhùn. A ti yọ owó ibi tó dín kúrò. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ rán an fún bá sanra, ẹ má rà á fún ìró àti bùbá." Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀: téèpù tí wọ́n nà sórí léèsì, àti àtàǹpàkò ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan níbi tí aṣọ parí sí, kí ẹ lè ka nọ́ńbà náà fúnra yín.

Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè má mọ ohun tí èyí jẹ́ fún wa. Bí aṣọ bá dín, ta ni wọ́n ń pè lólè? Oníṣọ̀ kọ́, ẹni tó hun ún lókè òkun kọ́. Télọ̀ ni. "O ti yọ nínú aṣọ mi fi rán ti ọmọ ẹ." Gbogbo wa ni wọ́n ti sọ ọ́ sí rí. Nísinsìnyí, bí oníbàárà bá gbé aṣọ ṣọ́ọ̀bù náà wá, mo lè ṣí fóònù, kí n fi lẹ́tà hàn án kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Lẹ́tà oníṣọ̀ wá di ẹlẹ́rìí fún mi. Mo ra léèsì ewé náà pàápàá. Mo fi rán bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tó.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Wọ́n pín àwa tó ń gba lẹ́tà sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwa télọ̀, àwọn tó ń rà láti tún un tà, àti àwọn tó ń bọ̀ wá mú aṣọ fún ìnáwó. Ohun tí wọ́n ń kọ sí ẹnìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ sí ẹnìkejì. Bí ẹbí kan bá sì ti mú aṣọ kan, aṣọ náà ò ní hàn nínú lẹ́tà ẹnikẹ́ni títí ìnáwó á fi kọjá. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Bí àwòrán rẹ̀ bá ti jáde, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó á sáré lọ ra tiwọn ní Gbági láìgba ọ̀dọ̀ ẹbí. Èyí tó le jù ni kí àǹtí ìyàwó rí iye tí wọ́n ra aṣọ gan-an lẹ́yìn tó ti san iye míì. Ìjà tó máa ń ti ibẹ̀ yọ, ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n sábà máa ń parí rẹ̀. Mo bi ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù bóyá kò dùn ún pé aṣọ tó rẹwà jù kì í hàn nínú lẹ́tà lásìkò tó yẹ kó mówó wọlé. Ó ní, "Àṣírí oníbàárà mi ò sí lára ọjà tí mò ń tà."

Owó ọjà ńkọ́? Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, iye aṣọ tó ń ti òkè òkun wá kì í dúró lójú kan. Lẹ́tà wọn máa ń kọ iye, á sì kọ ọjọ́ tí iye náà máa parí, ó sábà máa ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo ti débẹ̀ ní Sátidé tí owó ti gbéra káàkiri ọjà, iye tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n gbà. Tí ọ̀rọ̀ ò bá dá wọn lójú, wọ́n á kọ ọ́ pé, "Ẹ pè wá kí ẹ tó wọkọ̀."

Ènìyàn ló sì ń gba èsì níbẹ̀. Mo kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ kan láti béèrè fífẹ̀ gúínì kan, èsì dé kí n tó sùn, pẹ̀lú ìbéèrè bóyá agbádá ni mo fẹ́ fi rán. Àbúrò mi ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rán irú lẹ́tà yìí máa ń fi àwòrán bíńtín tójú kò rí sínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣí i. Ó ní àmọ́ láti ọdún 2021 tí Apple ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ kó àwòrán wọlé kí wọ́n tó ṣí lẹ́tà, kódà bí wọn ò bá ṣí i, iye "àwọn tó ṣí i" ti di àwúrúju. Mo sọ fún ìyá. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn, ó ní òun ò tiẹ̀ wo ìyẹn rí, àwọn tó fèsì lòun ń kà.

Àléébù wọn rèé o. Àwòrán inú lẹ́tà máa ń wúwo jù, ó ń jẹ dátà, ẹni tó bá fi fóònù kékeré ṣí i á dúró títí. Àwọ̀ inú fóònù sì ń purọ́. Mo ti rí pupa rí tó jẹ́ pé àwọ̀ osàn ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà n kì í fi lẹ́tà nìkan mú aṣọ fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́. Nígbà Kérésì wọ́n gbàgbé àdéhùn Ọjọ́bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lójoojúmọ́. Mo fèsì pé Ọjọ́bọ̀ la jọ sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ibi kan sí i: ẹni tó bá fẹ́ tojoojúmọ́ títí ọdún á fi parí kó tẹ ibẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kò ní ṣe nǹkan kan, Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ á máa wá bó ṣe ń wá. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà Iléyá. Ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan ni wọn ò tíì rí ojútùú sí.

Ẹ ò lè forúkọ sílẹ̀ láti ilé, àfi kí ẹ lọ. Ní Gbági, ẹ béèrè ìyá tó ń kọ lẹ́tà Ọjọ́bọ̀, àwọn alábàárù á mú yín débẹ̀. Ẹ má lọ ní Ọjọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ṣá o, pàápàá lọ́sàn-án. Àwa tí a ti ka lẹ́tà láàárọ̀ la máa ń kún ibẹ̀, ẹ ò ní rí ààyè dúró.