Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ìbọ̀wọ́ ọlọ́kadà tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀, tí wọ́n ń tà káàkiri Sábó

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń gun máṣìnnì ní Ìkòròdú, òjò oṣù kẹfà ti dé, àwọn tó ń fi òjò pa owó náà ti jáde. Ì báà jẹ́ èrò lẹ̀ ń gbé ní Ìgbógbó, ì báà jẹ́ ẹrù oníbàárà lẹ̀ ń jíṣẹ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Arákùnrin kan ń kiri ìbọ̀wọ́ ní Sábó, ó sì ń tà á lórí WhatsApp. Bó ṣe ń mú èèyàn rèé: yóò fi eyín fa píọ̀ wọ́tà ya, yóò da omi náà sí ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́. Omi á ṣù bí omi orí ewé kókò, á yọ̀ dànù. Àwọn tó dúró á ní "háà!", owó á jáde. ₦18,000 ló ń pè é. Ẹni tó bá nájà dáadáa á rí i rà ní ₦15,000.

Oògùn kan ni wọ́n fín sójú aṣọ náà tí kì í jẹ́ kó tètè fa omi. Kò ní pẹ́ tí òjò àti ọṣẹ á fi fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀yìn ọwọ́ gan-an kọ́ ni omi ń gbà wọlé, àárín ìka ni, níbi tí abẹ́rẹ́ ti lu aṣọ. Ojúlówó máa ń ní ọ̀rá tín-ín-rín kan láàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gore-Tex. Òde lè rin gbingbin, kí inú gbẹ. Mo fi bíléèdì tú èyí tí ọ̀rẹ́ mi rà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí: fóòmù lásán.

Ohun tó bí mi nínú jù ni àmì inú rẹ̀. EN 388 ló wà níbẹ̀ (EN ni àmì ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù)! Ìbọ̀wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, ti bíríkìlà àti oníṣẹ́ irin. Ti máṣìnnì ni EN 13594, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó gun máṣìnnì, àti ìpele ààbò 1 tàbí 2 (2 ló le jù). Bí KP bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé oríkèé ìka náà ti yege ìdánwò. Ẹni tó bá ṣubú ní títì Ṣàgámù, àtẹ́lẹwọ́ ló sábà máa ń fi gbalẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣeré.

Àmọ́ ayédèrú lè tẹ nọ́ńbà tó bá wù ú, nítorí náà ẹ bèèrè abọ́ omi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ omi, kí omi má dé ẹnu ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ máa tú u fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ẹ ní ṣebí omi ò lè wọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ẹ ká ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ fún un mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ibi tí atẹ́gùn bá gbà jáde, òjò á gbà á wọlé.

Ọkùnrin Sábó yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kì í fúnni ní rìsíìtì, ó sì ti búlọ́ọ̀kù àwọn tó pè é padà. Òfin 2018 ti FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà láṣẹ láti dá ọjà tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún padà, LASCOPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, náà sì wà níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n máa bèèrè. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí tíráńsífáà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ká ojúlówó, kó wá ìbọ̀wọ́ awọ gidi tó ní okùn lọ́rùn ọwọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àwọn nọ́ọ̀sì sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ á làágùn, ó dájú. Kí apá réénkóòtù sì bo ẹnu ìbọ̀wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi apá á ṣàn wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ya àwòrán àmì inú ìbọ̀wọ́ náà, kí ẹ fi sí gbogbo gúrúùpù páàkì yín.