Bíà Bẹ́ljíọ̀mù lẹ́nu ọmọ Iléṣà: ibi tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ àti ibi tí owó wa ò ti ṣòfò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ẹnu tó ń ròyìn. Ọmọ Iléṣà ni mí, Trophy ni mo fi mọ ọtí, kó tutù nini, kí ara ìgò máa làágùn, kí pẹ́pẹ́ súùpù ẹran ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, ọtí tí ò bá ti tutù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àlàyé kankan. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní London, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n Dàre, ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bíà, pé ńṣe ni mo kàn ń fi yìnyín na ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ yẹn la ń fà títí tá a fi gba lívù ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù Kejì, a wọ Eurostar ní St Pancras, nǹkan bíi wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀ a ti wà ní Brussels. Owó ara wa la fi ṣe gbogbo ẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ò fún wa ní kọ́bọ̀ ká lè sọ̀rọ̀ rere.

Ibi tó dùn mí ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ká tó kúrò nílé lẹ̀gbọ́n ti sanwó lórí fóònù fún àwọn kan tó máa ń mú àlejò yí ilé ọtí ká, wákàtí mẹ́ta, bíà mẹ́fà, gáìdì tó mọṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò lágbára ẹjọ́. Gáìdì yẹn pẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú, òjò ń pa wá níta, nígbà tó sì dé kò tiẹ̀ kí wa dáadáa, ó ní ó yá ó yá ká máa lọ. Bíà mẹ́fà di mẹ́rin. Gíláàsì tí wọ́n fi bù ú fún wa, àfi bí ìdérí tí wọ́n fi ń wọn oògùn ikọ́ fọ́mọdé. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé ó gbé bíà kan tó ń jẹ́ Leffe síwájú wa, ó ní àwọn mọ́ǹkì (àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà) ló fọwọ́ ara wọn pọn ọ́n. Irọ́ gbuu! Orúkọ ilé àwọn mọ́ǹkì wà lára ìgò ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní Leuven ni AB InBev ti ń pọn ọ́n, ilé iṣẹ́ ńlá gbáà ni, àwọn kan náà tí ìpín wọn pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ tó ń pọn Trophy ní Iléṣà wa. Ẹ ò rí ayé, mo kúrò ní Iléṣà, mo gba London, mo dé Brussels, ọ̀gá kan náà ni mo ṣì ń sanwó fún.

Èyí tí mọ́ǹkì lọ́wọ́ sí gan-an, Trappist ni wọ́n ń pè é, òfin ẹ̀ sì le: inú ọgbà àwọn mọ́ǹkì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pọn ọ́n, àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ máa mójú tó o, owó tó bá wọlé, wọ́n á fi tọ́jú ilé, wọ́n á fi èyí tó bá kù ṣàánú. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, márùn-ún ló kù: Westmalle, Westvleteren, Chimay, Orval àti Rochefort. Tí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín láti kọ́ yín ò bá mọ ìyẹn, ẹ gbowó yín padà. Àwa gbà á. Ẹ̀gbọ́n ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo ní kò sóhun tó jọ ọ́, ọmọ Òṣómàáló ni mí, àárọ̀ ọ̀sán alẹ́ ni mo ń kọ̀wé sí wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án títí wọ́n fi dá ìdajì padà. Máàkì tèmi: 1 nínú 5, ọ̀kan yẹn gan-an, torí pé ilé ọtí tó kẹ́yìn ní hítà ni.

Ẹni tó wá kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìyá kan tó ń ta ọtí nílé ọtí kékeré kan nítòsí hòtẹ́ẹ̀lì wa. Mo ní kó fún mi ní Westmalle Tripel, kó jẹ́ èyí tó tutù jù. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó mú gíláàsì tí wọ́n kọ Westmalle sí lára (gbogbo bíà ló ní gíláàsì tiẹ̀ níbẹ̀ o, ẹ má rò pé fáàrí ni), ó fi omi tútù ṣàn án, ó tẹ gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń bu ọtí sí i díẹ̀díẹ̀ títí ìfófó funfun fi gorí ẹ̀ bí òwú, ó sì ṣẹ́ nǹkan bí ìka ọwọ́ kan kù sísàlẹ̀ ìgò. Mo ní ìyá, ẹ dà á tán jàre, owó ni mo san. Ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, yíìsì tó ṣiṣẹ́ nínú ìgò ni, tó bá wù mí kí n mu ún lọ́tọ̀ kò burú, àmọ́ tó bá dàpọ̀ mọ́ ọn ọtí náà á rú, adùn ẹ̀ á sì yí padà. Ìgbà yẹn ni mo rántí bàbá mi, tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mi agbè ẹmu níwájú òun.

Ó ní kí n má tíì mu ún, kí n gbọ́ òórùn ẹ̀ ná. Mo ki imú bọ̀ ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n! Ó pẹ́ díẹ̀, kànáfùrù. Mo bi í pé kí ni wọ́n rò mọ́ ọn, ó ní wọn ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, wọn ò fi kànáfùrù sí i, yíìsì ló ń mú òórùn yẹn jáde nígbà tó bá ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀. Bíà funfun bíi Hoegaarden ni wọ́n ń fi èèpo ọsàn àti coriander sí ní tiẹ̀. Ó ní ká ní òun fún mi ní tútù nini bí mo ṣe fẹ́ ni, gbogbo òórùn yẹn ni mi ò bá má gbọ́, torí òtútù máa ń jẹ́ kí ahọ́n kú. Mo gbọ́, mo mi orí, mo wá gbé e mì kíá bí ẹni tó ń mu Trophy, mo tún ní kó gbé Duvel wá. Ẹ gbọ́, Westmalle Tripel, 9.5%. Duvel, 8.5%, orúkọ ẹ̀ gan-an, sàtánì ló túmọ̀ sí (sàtánì ni mo wí o, ẹ má kó Èṣù wa mọ́ ọn). Lager tá a mọ̀ nílé, bíi 5% ni. Nígbà tí mo dìde pé kí n lọ tọ̀, ilẹ̀ ń lọ, èmi ò lọ. Ẹ̀gbọ́n ló fà mí dé hòtẹ́ẹ̀lì, títí dòní kò tíì yéé sọ ọ́.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe é: gíláàsì kan fún wákàtí kan, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àti ṣíìsì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú mọ́sítáàdì, tí wọ́n máa ń gbé wá nílé ọtí. Kò lè gba ipò pẹ́pẹ́ súùpù, àmọ́ ó ń gbé ọtí dúró. Bíi yúrò 4 sí 6 là ń ra ìgò kan lọ́pọ̀ ibi tá a dé, ẹ má fi ṣírò náírà kẹ́ ẹ má bàa sunkún.

Orval ni mo mu lọ́jọ́ kejì. Ìgò ẹ̀ ní ikùn, ẹja tó gbé òrùka sẹ́nu ló wà lára ẹ̀, ìtàn wọn ni pé òrùka obìnrin ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Matilda jábọ́ sínú omi, ẹja ló gbé e wá fún un padà. 6.2% péré ni, mo ní èyí á rọrùn. Ó korò! Kì í ṣe korò bí ewúro, ó jọ orógbó, tó máa kọ́kọ́ lé ẹ sẹ́yìn, tó bá wá ṣe díẹ̀ tó o mumi lé e, wàá máa wá a. Mi ò gba tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgò kẹta, lọ́jọ́ karùn-ún, ni mo tó gba fún un, ẹ̀gbọ́n sì ní bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta la wá lọ sí Cantillon, ilé tí wọ́n ti ń pọn bíà kíkan ní Anderlecht, ní Brussels níbẹ̀, ìrìn díẹ̀ ni láti ibùdó tréènì Midi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, òun ni kẹ́ ẹ ṣe. Ọdún 1900 ni ìdílé yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ dà bíi ti gáréèjì mẹkáníìkì, mo tiẹ̀ rò pé a ti ṣìnà ni. Inú ẹ̀ tutù, ó ń rùn bí igi tútù àti ọtí kíkan. Wọ́n fún wa níwèé pélébé kan, wọ́n ní ká máa rìn yípo fúnra wa, kò sí gáìdì tó ń lé wa kiri.

Ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi àlìkámà tí wọn ò mú hù tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Wọ́n á sè é pẹ́pẹ́ pẹ̀lú hops (òdòdó tó máa ń mú bíà korò) tó ti gbó fún ọdún mélòó kan, torí kò kan kíkorò, kí ọtí má bàa bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi í sí i. Wọ́n á wá fà á lọ sókè àjà, sínú ọpọ́n bàbà kan tó fẹ̀ bíi yàrá àmọ́ tí kò jìn, wọ́n á fi í sílẹ̀ gbayawu mọ́jú. Atẹ́gùn á máa wọlé láti ìta, yíìsì tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára igi ilé á máa bọ́ sínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bu yíìsì sí i! Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń pọn ọ́n, tí ooru bá ti mú, kòkòrò tí wọn ò fẹ́ náà á bá wọn wọlé. Ilẹ̀ mọ́, ó di inú àgbá igi, ó di ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Wọ́n á wá po ti ọlọ́dún kan, méjì àti mẹ́ta pọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní gueuze. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ṣì ní ṣúgà lára, òun ló ń jẹ́ kó hó. Òwú aláǹtakùn kún ara àgbá àti òrùlé, wọn ò gbá a dànù, torí aláǹtakùn ló ń bá wọn mú eṣinṣin.

Mo dúró síbẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹmu nìyí?"

Ó ní, "Ẹmu bíi ti báwo?"

Mo ní ta ló ń bu yíìsì sí ẹmu? Adẹ́mu á gbé agbè kọ́ sórí ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ àti ara agbè tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ló ń ṣe ìyókù, tó bá fi máa di àárọ̀ ó dùn, tó bá di alẹ́ ó ti ń le, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ohun tí ọ̀pẹ ń ṣe lọ́jọ́ méjì làwọn yìí fi ọdún mẹ́ta ṣe. Ẹ̀gbọ́n tó ń pè mí ní alágbára yìnyín kò rí nǹkan sọ, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ́ òun náà ní nǹkan.

Wọ́n wá bu gueuze fún wa. Kò ní ìfófó tó bẹ́ẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ojú mi sún kì, àgbálùmọ̀ oṣù Kejìlá tí ò tíì pọ́n, tó o sì ti bù ú jẹ kó o tó mọ̀. Tọkọtaya òyìnbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rọra gbé gíláàsì tiwọn sílẹ̀, wọn ò tún fọwọ́ kàn án. Èmi tún mu, ẹ̀ẹ̀kejì yìí mo gbọ́ èèpo ọsàn, mo gbọ́ òórùn àká. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti mọ́ mi lára, bí ẹmu àná ṣe máa ń mọ́ èèyàn lára ní abẹ́ igi nílé bàbá mi. A tún ra kriek wọn, èyí tí wọ́n rẹ èso ṣẹ́rì kíkan sínú ẹ̀, ó pupa bíi zobo, àmọ́ kò dùn bíi zobo rárá. Kriek tó dùn bí oyin tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, nǹkan míì nìyẹn. 5 nínú 5, mi ò yọ nǹkan kan.

Ghent, kí n sáré sọ ọ́. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀, Dulle Griet, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu nínú gíláàsì gígùn wọn tó ń gba lítà kan àti díẹ̀, wọ́n á gba bàtà ẹsẹ̀ yín kan, wọ́n á fi apẹ̀rẹ̀ fà á lọ sókè àjà kẹ́ ẹ má bàa jí gíláàsì lọ. Ẹ̀gbọ́n ní bàtà òun kọ́ ni wọ́n máa so rọ̀ bí ẹran ìgbẹ́. A mu nínú kékeré.

Westvleteren ló kẹ́yìn. Tréènì dé Poperinge, ibi tí ìlà ti parí, oko hops ló yí i ká, a wá gba takisí. Ẹ ò lè kàn dé kẹ́ ẹ rà á jọ o, orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn mọ́ǹkì ti ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ ra páálí, wọn ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ tà á. Ilé ọtí In de Vrede tó kọjú sí ọgbà wọn lèèyàn ti ń jókòó mu ún. Oríṣi mẹ́ta ni, àwọ̀ ìdérí ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n: àwọ̀ ewé ni èyí tó ń jẹ́ Blond, búlúù ni èyí tó ń jẹ́ 8, yẹ́lò ni èyí tó ń jẹ́ 12. 12 yẹn, 10.2%, àwọn kan ní kò sí irú ẹ̀ láyé. Mo rọra jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, èmi ọmọ yìnyín, mo gbọ́ dàbínù, mo gbọ́ ṣúgà tó jóná díẹ̀, ó nípọn lẹ́nu. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ Rochefort 10 tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Brussels láìwọ takisí, 11.3%, mi ò rí ohun tí eléyìí fi jù ú lọ tó tó owó takisí yẹn. Ẹ̀gbọ́n ò gbà, ó ní ọ̀fun òṣómàáló ni mo fi mu ún. 4 nínú 5, a dẹ̀ ṣì ń jà á.

Mo gbé gueuze kan, ìgò ńlá oníkọ́ọ̀kì, lọ sílé ní Kejìlá ọdún yẹn, mo fi aṣọ mẹ́ta wé e nínú báàgì. Mo ṣí i fún bàbá mi, mo rọra dà á bí ìyá yẹn ṣe kọ́ mi, mo ní kí wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀ ná. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wò mí.

"Ẹmu àná lo rù wá láti ìlú òyìnbó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní èló ni, mo dín in kù sí ìdá mẹ́rin, wọ́n ṣì pariwo. Wọ́n wá na gíláàsì padà sí mi.